Kí Ọyẹ́ Tó Dé Ni Imú Ti Ń Jà

Ní Zaria, bí ẹnìkan bá sín nínú ọkọ̀ tàbí ní ìdí ọjà rẹ̀, yóò ní "Alhamdulillahi", àwọn tó wà nítòsí yóò sì bá a tọrọ àánú Ọlọ́run. Bó bá tún sín, wọn á tún tọrọ. Bó bá ti kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn kì í tọrọ mọ́: wọn á ní ọ̀fìnkìn ló ń bá a jà, kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kọkànlá, a máa ń rí àwọn tí kì í dúró sí ẹ̀ẹ̀mẹta ní Shika àti Samaru lẹ́bàá Zaria. Wọn á sín mẹ́jọ léra, wọn á nu imú, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Imú ń yún wọn, ojú ń yún wọn, àjà ẹnu pàápàá ń yún wọn, omi tó mọ́ gaara sì ń dà nímú wọn láti àárọ̀.

Bí a bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ọyẹ́ ló ń bọ̀. Àwọn mìíràn á ní òtútù ló wọ inú ara, tàbí pé ara ẹni náà kò lágbára tó. Ọyẹ́ kò mọwọ́ nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, nítorí kò tíì dé. Òjò ṣì ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ṣì rin, eruku kò tíì dìde. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà náà ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko. Ní ti pé ara kò lágbára, òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀: ara ń lo agbára níbi tí kò ti yẹ kó lò ó.

Ohun tí à ń pè ní àléjì nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara á kọ ìjà sí ohun tí kò lè pa ara lára rárá, ìjà náà ni yóò sì di àìsàn. Bó bá jẹ́ imú ló ti ṣẹlẹ̀, tó sì jẹ́ pé oṣù kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, àléjì imú tó ń bá ìgbà rìn ni.

Shika, ilẹ̀ koríko

Shika wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Giwa, lójú ọ̀nà tó ti Zaria lọ sí Funtua àti Sokoto. Ohun méjì ni àwọn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ahmadu Bello, tó kó kúrò ní Tudun Wada wá síbẹ̀ ní 2005. Èkejì ni NAPRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ẹran ọ̀sìn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórúkọ náà ní 1976. Ibẹ̀ ni adìyẹ Shika Brown ti jáde, ṣùgbọ́n màlúù ló gba ilẹ̀ jù níbẹ̀, màlúù kì í sì í jẹ nǹkan mìíràn bí koríko. Nítorí náà, oko koríko pọ̀ ní Shika ju bó ṣe pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lọ: èyí tí wọ́n gbìn, èyí tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àti gámbà, koríko gíga tó lè ga tó mítà mẹ́ta, tí àwọn Hausa fi ń hun ẹní ọgbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn koríko ilẹ̀ ọ̀dàn yìí kì í tanná títí òjò yóò fi fẹ́ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Òdòdó wọn kò wu ojú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn dídùn, oyin kì í fẹ́ẹ́ bà lé e. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ibi tí abo wà, nítorí náà koríko ní láti tú u jáde lọ́pọ̀ yanturu kí díẹ̀ lè débi tó yẹ. Imú ènìyàn wà lójú ọ̀nà èyí tó ṣì.

Àṣìmọ̀ kan wà níbí tó yẹ ká tètè mú kúrò. Igi tó bá yọ òdòdó pupa tàbí yẹ́lò rẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ilé ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn, àwọn kan a tilẹ̀ gé e. Ọ̀pọ̀ irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ń lo oyin, labalábá tàbí ẹyẹ, lẹ́búlẹ́bú wọn wúwo, ó sì ń lẹ̀, kì í fò jìnnà. Àgbàdo, tó jẹ́ ẹbí koríko, ń lo afẹ́fẹ́, síbẹ̀ hóró lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tóbi débi pé ìdí oko náà ló máa ń jábọ́ sí. Ti àwọn koríko ìgbẹ́ ló kéré: a lè to nǹkan bí 30 nínú rẹ̀ sí orí mìlímítà kan.

Bó ti kéré tó yẹn, ara rẹ̀ le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpèjúwe lẹ́búlẹ́bú òdòdó àwọn igi ilẹ̀ Nàìjíríà jáde ní 1973, rí hóró tó ti wà nínú ẹrẹ̀ Niger Delta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí ó ṣì ṣeé dá mọ̀ lábẹ́ mákírósíkópù. Igi kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti koríko jọra púpọ̀, ó sì ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ara ènìyàn náà kì í fẹ́ẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ koríko kan, ó ṣeé ṣe kó kọ mélòó kan lára ìbátan rẹ̀, torí pé àwọn pùrótéènì tó wà nínú wọn jọra.

Dókítà tó fi ara rẹ̀ dán an wò

Àìsàn yìí kò pẹ́ nínú ìwé ìṣègùn. Ní 1819, John Bostock, dókítà kan ní London, ka ìwé níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn nípa imú àti ojú tó máa ń dà á láàmú ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn láti kékeré. Ó rò pé oòrùn ló fà á. Charles Blackley, dókítà ní Manchester tí àìsàn kan náà ń bá jà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń fa lẹ́búlẹ́bú koríko símú nígbà tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀ láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó họ awọ apá rẹ̀, ó fi í sí i, ibẹ̀ wú. Ó tún so gíláàsì tó ní nǹkan lílẹ̀ lára mọ́ káìtì, ó jẹ́ kó fò sókè réré, ó sì bá hóró koríko lára rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1873.

Ohun kan yọ Blackley lẹ́nu: àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n wà nínú koríko láti àárọ̀ dalẹ́, ni kì í fẹ́ẹ́ ní in. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́lá ìlú ńlá ló ní in jù. Ìdí rẹ̀ kò dá a lójú.

Ẹ̀bìtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí wọ́n dẹ ẹ́

Láti lóye ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú imú, ó dára ká rántí ẹ̀bìtì. Dídẹ rẹ̀ ń gba àkókò, ó ń gba sùúrù, kì í sì í pariwo. Ríré rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìgbà méjì yìí ni àléjì ní, ìkejì nìkan ni aláìsàn sì máa ń mọ̀.

Hóró lẹ́búlẹ́bú tó bá wọ imú á bà lé ikun, omi lílẹ̀ tó bo awọ inú imú. Àwọn irun tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lára awọ náà a máa gbá ikun yìí lọ sẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun láìdúró. Kí wọ́n tó gbá hóró náà lọ, omi ikun á ti mú kó tú pùrótéènì rẹ̀ sílẹ̀. Hóró kò wọ inú ara. Pùrótéènì yìí ló wọ̀ ọ́.

Lábẹ́ awọ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní dendritic. Wọ́n ní apá gígùn tí wọ́n máa ń yọ sókè láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ láti fi tọ́ ohun tó bá wọlé wò. Wọn á mú pùrótéènì náà, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á gbé e lọ sí àwọn kókó tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lọ́rùn, àwọn tó máa ń wú nígbà tí ọ̀fun bá ń dùn wá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti fi han àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ẹ̀yà mìíràn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara. Nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì T á wò ó, á mọ̀ pé koríko lásán ni, á sì jẹ́ kó máa lọ. Nínú ara àwọn kan, pàápàá àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn ní àléjì, ẹ̀ka kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T á mú ọ̀ràn náà le. Wọn á tú àwọn kẹ́míkà tó ń pàṣẹ sílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì B á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àńtíbọ́dì kan, pùrótéènì tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀, tó ń jẹ́ IgE, tí wọ́n ṣe fún koríko yẹn gan-an.

IgE kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì péré, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti rí ibi so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì mast, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló máa ń lò níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mast ni ẹ̀bìtì náà. Kì í rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ bí àwọn yòókù, inú awọ imú, awọ ojú, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun ló ń gbé. Paul Ehrlich ará Jámánì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1878 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó rí i pé ó kún fún àwọn hóró wẹ́wẹ́, ó sì rò pé oúnjẹ ló jẹ yó. Kì í ṣe oúnjẹ. Kẹ́míkà tó fi pamọ́ ni, hísítámíìnì sì ni olórí wọn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Ehrlich kí wọ́n tó rí IgE fúnra rẹ̀. Ní 1921, Carl Prausnitz gba omi ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, Heinz Küstner, tí ara rẹ̀ kọ ẹja, ó gún un sí awọ ara tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gún omi ẹja síbẹ̀, ó sì wú. Nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé àléjì kiri nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ni? Láàárín 1966 sí 1967 ni Kimishige Ishizaka àti ìyàwó rẹ̀ Teruko, tí wọ́n wà ní Denver, àti Johansson òun Bennich ní Uppsala, dé ibi kan náà láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1968 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní orúkọ.

Ká wá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Ìbàdàn wá sí Samaru, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà. Ọdún àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ọdún kejì, ó sín díẹ̀, kò kà á sí. Ní ọdún kẹta, oṣù Kẹwàá di ìṣòro. Yóò ní ilẹ̀ yìí ni kò gba òun mọ́, tàbí pé ìlera òun ti dínkù. Kò sí èyí tó yí padà lójijì. Wọ́n ti ń dẹ ẹ̀bìtì náà láti ìgbà koríko àkọ́kọ́ tó bá níbẹ̀.

Nígbà tó bá ré

Ọdún tó kàn, hóró tuntun á bà lé imú, pùrótéènì rẹ̀ á wọlé, á sì bá IgE tó ti ń dúró dè é. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé IgE kan ṣoṣo kò tó. Pùrótéènì náà gbọ́dọ̀ di IgE méjì tó wà nítòsí ara wọn mú pọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì mast tó lè tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti dì wọ́n mú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Hísítámíìnì ló kọ́kọ́ jáde. Ó dé ara iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, imú yún, ènìyàn sín. Ó mú kí àwọn ẹṣẹ́ inú imú tú omi jáde, ìdí nìyí tí ohun tó ń dà fi mọ́ gaara. Ó mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ fẹ̀, kí omi máa jò láti inú wọn, awọ inú imú á wú. Bákan náà ló ń ṣe ojú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kẹ́míkà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì mast ń ṣe lójú ẹsẹ̀, tí kò ní nípamọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń dí imú jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán nígbà tí sísín bá dáwọ́ dúró. Kò tíì tán. Àwọn kẹ́míkà tó jáde láàárọ̀ ti ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn láti inú ẹ̀jẹ̀: eosinophil, basophil, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, wọn á ti kún inú awọ imú. Àwọn eosinophil a máa da pùrótéènì olóró tó ń ba awọ náà jẹ́. Sísín kò fi bẹ́ẹ̀ sí nígbà yìí. Imú á kàn dí pa, orí á wúwo, oorun á ṣòro. Ẹni tó gba àárín gámbà kọjá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè máa fi ẹnu mí ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó sì máa bá fáànù tàbí omi tútù jà.

Èyí tó burú jù ni pé bí àsìkò bá ṣe ń gùn ni imú ń bínú sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mast ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń gòkè wá sí òkè awọ gan-an níbi tí hóró ti ń bà. John Connell, oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé tí wọ́n bá ń fi lẹ́búlẹ́bú sí imú aláìsàn lójoojúmọ́, ìwọ̀nba tó lè mú un sín á máa kéré sí i lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ìparí àsìkò, ohun tí kì í ṣe àléjì rárá náà ti lè mú un sín: lọ́fínńdà, èéfín, òórùn ata díndín.

Ọyẹ́ wọlé

Ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, afẹ́fẹ́ yí padà. Èyí tó ń bọ̀ báyìí ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ó sì ń ru eruku Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà sí Zaria. Ìsàlẹ̀ adágún omi àtijọ́ ni Bodélé, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì jẹ́ ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó gbé inú omi náà. Hausa ń pe ìgbà yìí ní hunturu.

Eruku yìí kì í ṣe àléjì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Yanrìn àti ìkarahun kò ní irú pùrótéènì tí IgE lè dì mú. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń fá omi lára awọ imú, ikun á gbẹ, àwọn irun tó ń gbá a kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa, awọ á ya, ẹ̀jẹ̀ á tilẹ̀ dà nígbà mìíràn. Èyí ń ṣe gbogbo ènìyàn, ẹni tó ní àléjì àti ẹni tí kò ní. Nínú àwọn kan, gbígbẹ yẹn nìkan ti tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì mast tú hísítámíìnì sílẹ̀ láìsí IgE kankan níbẹ̀. Àwọn oníwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore fi afẹ́fẹ́ tútù gbígbẹ dán èyí wò láàárín ọdún 1980 sí 1989.

Ibí yìí ni gbogbo àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ní Shika, àsìkò koríko àti ọyẹ́ wọ inú ara wọn. Imú tí gámbà ti mú bínú láti oṣù Kẹwàá ni ọyẹ́ wá bá. Ẹni náà á sín lójoojúmọ́ títí di oṣù Kejì, yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí ọyẹ́ lọ́rùn, títí kan ti oṣù Kẹwàá tí ọyẹ́ kò tíì sí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe òun kò nílò ju kálẹ́ńdà lọ níbẹ̀rẹ̀: kó kọ ọjọ́ tí imú kọ́kọ́ yún un sílẹ̀ fún ọdún méjì. Bí ó bá ti ń ṣáájú ọyẹ́ nígbà gbogbo, tí ojú àti àjà ẹnu ń yún pẹ̀lú rẹ̀, tí kò sí ibà, tó sì ń gba ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́, koríko ni kí ó fura sí. Ọ̀fìnkìn tí fáírọ́ọ̀sì fà kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, kì í sì í mú ojú yún bẹ́ẹ̀.

Ikun tó yí sí àwọ̀ ewé náà kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò bakitéríà ló wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míkà kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè kún inú ikun lórí ọ̀fìnkìn lásán. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì nítorí rẹ̀ kò ní nǹkan kan láti pa nínú imú aláléjì.

Ìdí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fi wà

Ó bójú mu ká béèrè: kí ni ara ń fi irú ètò burúkú bẹ́ẹ̀ ṣe? Aràn ni. IgE, sẹ́ẹ̀lì mast àti eosinophil jọ ń ṣiṣẹ́ lòdì sí aràn inú ìfun àti àwọn kòkòrò tó tóbi ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì kan lè gbé mì lọ. Sísín, yíyún, ikun púpọ̀, ìgbẹ́ gbuuru: ọ̀nà láti lé ohun ńlá jáde ni gbogbo wọn.

Èyí ló dá wa padà sí ìbéèrè Blackley nípa àwọn àgbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì gba Ìbàdàn àti Zaria kọjá. Brian Greenwood, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti 1965, rí i pé àwọn àrùn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, irú bíi làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé, ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn aláìsàn rẹ̀. Ní 1968 ó kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà àti aràn tó ń bá wọn gbé láti kékeré ló mú kí ara wọn rọjú. Ní 1970 ó lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello láti bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́wàá ní Zaria, níbi tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí yínrùnyínrùn, àìsàn mìíràn tó ń bá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rìn.

Èrò rẹ̀ kò kú. Ní 2000, àwọn oníwádìí kan ní Gabon tẹ̀ ẹ́ jáde pé awọ àwọn ọmọ tó ní àtọ̀sí ajá, tí aràn ń fà, kì í fẹ́ẹ́ wú nígbà tí wọ́n bá fi kòkòrò eruku ilé dán an wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé IgE rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n ti dẹ ẹ̀bìtì, kò kàn ré ni. Aràn tó fẹ́ pẹ́ nínú ara ènìyàn a máa ru àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan sókè tó ń pẹ̀tù sí àwọn yòókù, ìpẹ̀tù yẹn sì ń kan àléjì náà. Ọmọ tó dàgbà sínú gáà màlúù ń fa oríṣiríṣi kòkòrò símú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìwádìí láti oko àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù sì fi hàn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ ní àléjì.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fi aràn sílẹ̀ lára ọmọ. Aràn ń mu ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ń ba ilé ìtọ̀ jẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti fún àwọn aláléjì ní ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ mu ní Denmark, àbájáde tó jáde ní 2010 sì ni pé kò ṣe imú wọn láǹfààní kankan.

Oògùn wo ló ń bá sẹ́ẹ̀lì wo sọ̀rọ̀

Bí a bá ti mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn á rọrùn. Piriton, tó wà ní gbogbo kẹ́mísìtì, kò dí sẹ́ẹ̀lì mast lọ́wọ́. Ó kàn ń jókòó síbi tí hísítámíìnì fẹ́ jókòó sí ni. Nítorí náà ó wúlò fún yíyún àti sísín, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún imú dídí, ó sì dára ká lò ó kí a tó jáde ju ká lò ó lẹ́yìn tí hísítámíìnì ti gba àyè lọ. Ó ń wọ ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi ń mú oorun wá. Awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò kò gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí. Loratadine àti cetirizine kì í fẹ́ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Robb àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù kì í ṣí imú rárá. Wọ́n ń ta iṣan tó ń mọ òtútù lólobó, ọpọlọ á sì rò pé afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa, nígbà tí ihò imú ṣì dí bó ṣe dí.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú láti ṣí i lójú ẹsẹ̀ ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ó sì yá lóòótọ́. Ewu rẹ̀ ni pé bí a bá lò ó ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ, àwọn iṣan náà á tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí agbára rẹ̀ bá lọ, ènìyàn á tún kán an, á sì di ohun tí kò lè fi sílẹ̀.

Èyí tó ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn sọ̀rọ̀ ni sípíréè sítẹ́rọ́ìdì. Ó ń dín kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pe ara wọn kù, eosinophil kò sì ní wá púpọ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fi ara hàn, ọ̀pọ̀ sì ń jù ú nù lọ́jọ́ kẹta pé ayédèrú ni. Fún ẹni tí kálẹ́ńdà rẹ̀ bá ti fi hàn pé gámbà ni, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kí koríko tó tanná. Bí mímí bá ń dún fíì-fíì láyà tàbí tí àyà ń fún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti imú nìkan, torí pé ikọ́ fée àti àléjì imú a máa bá ara wọn rìn. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn Shika, National Ear Care Centre sì wà ní Kaduna.

Ọ̀nà kan ṣì wà tó ń fẹ́ tú ẹ̀bìtì náà palẹ̀ pátápátá. Leonard Noon ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary's ní London ní 1911: ó ń gún omi lẹ́búlẹ́bú koríko fún àwọn aláìsàn, díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tó ń pọ̀ sí i. Ó rò pé lẹ́búlẹ́bú náà ní oró tí ara nílò láti mọ bí yóò ṣe borí, èrò tí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń pẹ̀tù pọ̀ sí i, ó sì ń jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì B ṣe irú àńtíbọ́dì mìíràn, IgG4, tó ń tètè mú pùrótéènì koríko kí IgE tó rí i. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ń gbà, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, lábẹ́ ojú dókítà. Koríko ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà, ìbátan gámbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe gámbà.